Ẹ Má Ṣí Táǹkì Yẹn!

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ọkọ̀ tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, kó wá wo bọ́ọ̀sì Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Bó bá wà nínú ọgbà mẹkáníìkì, ṣe ló máa ń dún bí ẹni tí kò láìsàn kankan láyé. Ẹ gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó rin ọ̀nà tó jìn díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, agbára á tán lára rẹ̀, á sì kú pátápátá sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ ránṣẹ́ pe Baba Mẹkáníìkì, Baba á fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti jí. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kíní, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó wá sọ ọ́ di àṣà.

Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni gbogbo àdúgbò ń pe awakọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọkùnrin náà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ba bọ́ọ̀sì òun. Bí èrò bá fọwọ́ kan gíláàsì, kó tó sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ ti ń fi àkísà nù ún. Kọ́kọ́rọ́ ìdérí táǹkì rẹ̀, ọrùn ló ń so ó kọ́, òun nìkan ló sì ń ṣí i. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá ń fọ ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń wa ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Bí kò bá rí ẹni bá sọ ọ́, á bá bọ́ọ̀sì náà sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín. Ọjọ́ àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ni. Bọ́ọ̀sì yìí ló máa gbé ẹgbẹ́ àdúgbò wọn kọjá òkè lọ sí pápá tó wà ní ìlú kejì, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn. Aago mẹ́rin ni eré máa bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá sí lórí pápá nígbà tí rẹfirí bá fọn fèrè, ife-ẹ̀yẹ ti di ti ẹni kejì nìyẹn, láìgbá bọ́ọ̀lù kankan. Aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Gọ́ọ̀mù nítorí pé bọ́ọ̀lù kì í yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni àbíkẹ́yìn Baba Mẹkáníìkì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Sípánà, ni igbákejì Baba nínú ọgbà. Sípánà ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù, torí pé òun ló la ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Fọkàn balẹ̀. Bọ́ọ̀sì yẹn á gbé yín débẹ̀, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí pé òun ò tíì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà.

Kì í kúkú ṣe pé wọn ò wá a. Orí bọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n ń jí sí lọ́sẹ̀ náà, orí rẹ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú wọn sí. Wọ́n tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí epo díísù ti ń kán. Páálí mọ́ bí ìgbà tí wọ́n tẹ́ ẹ. Wọ́n pààrọ̀ fítà tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú epo. Wọ́n yọ rọ́bà tó ń gbé epo bọ̀ láti táǹkì, wọ́n fi èyí tó mọ́ gaara tí ojú ń rí inú rẹ̀ rọ́pò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń bá epo wọlé. Mẹkáníìkì gidi mọ̀ pé ihò tó kéré débi pé epo ò lè jo síta níbẹ̀ ṣì lè máa fa afẹ́fẹ́ sínú. Wọ́n wò ó títí, kò sí ìfófòó kan ṣoṣo. Wọ́n so ìgò kéékèèké mọ́ nọ́súlù kọ̀ọ̀kan, ẹnu tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì, láti wo èyí tó ń da epo padà jù, gbogbo ìgò dọ́gba rẹ́gírẹ́gí. Pọ́ńpù ń ti epo bó ṣe yẹ. Ká ní èèyàn ni bọ́ọ̀sì náà ni, dókítà ì bá ti ní kó máa lọ sílé, kó yéé fi àkókò òun ṣòfò. Kàkà kí ewé àgbọn rẹ̀ sì dẹ̀, ṣe ló ń le sí i, torí pé ọ̀nà tó ń rìn kó tó kú ń kúrú sí i ni.

Baba ní òfin kan ṣá, tí ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀: kí o tó gbé sípánà, ṣí táǹkì. Òfin náà ní ìdí. Nígbà tí Baba fúnra rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kó gbogbo wọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n tú pọ́ńpù rẹ̀ palẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán, wọ́n to gbogbo irin rẹ̀ sórí tápólì, àṣé epo ló tán nínú táǹkì. Àwọn ará àdúgbò fi wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀gá náà kó ọgbà rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá wọlé Baba, àìsàn yòówù kó máa ṣe é, wọ́n á ṣí táǹkì, wọ́n á tan iná wò ó, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, Baba á ní, "Epo wà," iṣẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Sípánà ti ṣe é títí, kì í rò ó mọ́, bí èèyàn kì í ti í rò ó kó tó bọ́jú láàárọ̀.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, àwọn ọmọbìnrin wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú orin àti àpò bàtà. Baba gbé àpótí irinṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó ní òun àti Sípánà á tẹ̀ lé wọn. "A kì í mọ̀," ló wí, ó sì jókòó bí ẹni tó mọ̀.

Gọ́ọ̀mù ti wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé látilé lo ti máa ń wọ̀ ọ́ ni? Ta ló fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí ẹ nínú mọ́tò?"

"Àǹtí mi, ara mi ò gbà á mọ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó dún dáadáa, àbí?"

"Ó dún dáadáa."

"Ẹ búra."

"Mi ò lè bá ẹ́ńjìnnì búra. Ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ọmọ ìyá mi."

Gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín. Orin tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ ọkọ̀, Má-Fọwọ́-Kàn-Án sì ń pariwo pé kí wọ́n rọra, ilẹ̀ ọkọ̀ òun kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Fóònù kóòṣì, ẹni tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù, dún. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú sẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń tàn yanran. "Àwọn ọ̀tá wa ti wà lórí pápá o! Wọ́n ní ẹ̀rù ló bà wá tí a ò fi tíì dé!" Ariwo tó sọ nínú bọ́ọ̀sì, àfi bíi pé òrùlé fẹ́ ṣí. Inú Sípánà náà dùn, orí rẹ̀ wú, ó rí àbúrò rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ onírọ́bà pàtẹ́wọ́, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé Ọlọ́run, ẹ jẹ́ ká dé, ẹ ṣáà jẹ́ ká dé.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni Sípánà fi kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti ń gbọ̀n bákan náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra fò fẹ̀rẹ̀, ó tún gbọ̀n, ó tún fò. Awakọ̀ tẹ epo títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kanlẹ̀, bọ́ọ̀sì ò dá a lóhùn. Ó wọ́ra dé bí ìdajì òkè, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú.

Orin dákẹ́ lójijì. Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá pé, "Aago mẹ́ta ti kọjá o," ni gbogbo wọn bá figbe ta. Kóòṣì ká ọwọ́ lérí. Gọ́ọ̀mù tẹjú mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan, èyí sì wá dun Sípánà ju ariwo lọ.

Baba ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. "Awakọ̀, mú kọ́kọ́rọ́ yẹn bọ̀. Ẹ jẹ́ ká wo táǹkì ná."

"Epo kún inú rẹ̀, Baba, èmi fúnra mi ni mo rà á, èmi náà ni mo dúró tì í, mo ní kí wọ́n má kán an sí ọkọ̀ mi lára," báyìí ni Má-Fọwọ́-Kàn-Án ń wí bọ̀, ó ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn.

Sípánà dúró sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ Baba ń dún lọ́kàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo táǹkì ná. Ìgbà wo ni wọn ò kọ́kọ́ wo táǹkì? Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ fítà, wọ́n wo táǹkì. Ọjọ́ rọ́bà, wọ́n wo táǹkì. Ọjọ́ tí wọ́n so ìgò, wọ́n ti wo táǹkì kí wọ́n tó so ó. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ máa ń yá. Ọ̀rọ̀ náà là á lójú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n ṣí fèrèsé sí lórí oorun.

"Ẹ má ṣí táǹkì yẹn!"

Ó pariwo rẹ̀ débi pé awakọ̀ ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Baba yíjú padà. Láti ọjọ́ tí Sípánà ti dáyé, kò tíì pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ rí.

"Kí lo wí?"

"Bàbá mi, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tíì ṣí i."

"O fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ lójú títì? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà ni?"

"Ẹ̀yin lẹ láṣọ, Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ lákìísà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mò ń tọrọ. Nígbàkígbà tó bá kú, kí la máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"A máa ń ṣí táǹkì."

"Ká tó pààrọ̀ fítà ńkọ́?"

"A ṣí táǹkì."

"Ká tó so ìgò?"

Baba wo ìdérí táǹkì.

"Oògùn la máa ń fún un ká tó bi í pé kí ló ń ṣe é, Bàbá. Ó ti máa ń yá ká tó gbé sípánà. Àìsàn náà ò jókòó dè wá rí!"

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Baba fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì pé kí Sípánà máa bọ̀.

Sípánà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sì yí i ká. Ó gbé ọwọ́ lé pọ́ńpù ọwọ́, èyí tí mẹkáníìkì máa ń tẹ̀ láti fi fa epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ó yẹ kó lọ sílẹ̀, kó tún fò padà sínú àtẹ́lẹwọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sílẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, bí ọmọ tó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ní òun ò jáde.

"Bàbá, ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Baba tẹ̀ ẹ́, ó fà á, ó le gbagidi. Ojú rẹ̀ yí padà. Sípánà ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń wá rọ́bà tó mọ́ gaara tí wọn ò tíì yọ kúrò. Nígbà tó rí i, ó kígbe. "Ó ti lẹ̀ pọ̀! Ẹ wá wò ó! Rọ́bà ti lẹ̀ pọ̀ pẹlẹbẹ!"

Lóòótọ́ ni. Rọ́bà tó rí roboto nínú ọgbà láàárọ̀ ti sún wọra, inú rẹ̀ kan inú, bíi pé ẹnìkan fi ìka méjì fún un. Baba kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́, ó wò ó, kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló fọwọ́ lu ilẹ̀. "Táǹkì ló ń fa epo rẹ̀ padà!"

"Táǹkì ò rí afẹ́fẹ́ mí," ni Sípánà wí. "Ó yá, ẹ wá ṣí i wàyí. Ẹ̀yin awakọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ pa ẹnu dé. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀, Má-Fọwọ́-Kàn-Án dákẹ́. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ìdérí, ó yí i.

Fííííííííí.

Ohùn náà gùn, ó tinrín, ó lọ títí. Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Inú táǹkì dún gbàm̀ bí agolo tó tẹ̀ tó tún padà síbi tó wà. Sípánà tún wo abẹ́ ọkọ̀, rọ́bà ti yó, epo sì ń wọ́ kọjá nínú rẹ̀ lójú wọn kòrókòró. Àwọn ọmọbìnrin hó yè, wọ́n ń fò sókè lójú títì, Gọ́ọ̀mù sì di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú níbàdí bí ẹni mú bọ́ọ̀lù.

Baba gba ìdérí náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Rọ́bà dúdú kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé roboto, tí wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ ọn yíká, ó mọ́ tónítóní, kò fi àyè sílẹ̀ fún ìdin láti gbà kọjá.

"Ta ló ṣe èyí?"

Má-Fọwọ́-Kàn-Án gbójú sókè, ó ń wo ewé igi. "Baba, èrò ló ń ráhùn. Wọ́n ní òórùn epo ń wọlé sí àwọn nígbà tí a bá yí kọ́nà. Ó sì máa ń kán sí ọ̀dà ara ọkọ̀ mi. Mo wá gé túùbù kẹ̀kẹ́, mo lẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kó mọ́ ni."

"O fẹ́ kó mọ́."

"Ṣé kò mọ́ ni?"

Baba wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ẹ̀rín bá pa á. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi ara ti bọ́ọ̀sì, awakọ̀ ò sì láyà láti ní kó má fọwọ́ kàn án. "Ihò tó wà lára ìdérí yìí, imú táǹkì ni. Bí epo bá ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. O rí ọkọ̀ tí epo ń kán díẹ̀ lára rẹ̀, o lọ dí i nímú pa! Fi ẹnu fa omi nínú ìgò oníke láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ṣé ìgò ò ní rún?"

"Baba, aago mẹ́rin kù sí dẹ̀dẹ̀!" Kóòṣì ló kígbe.

Ẹ̀rín tán. Baba fi ọ̀bẹ họ rọ́bà náà dànù, ó fẹnu fẹ́ ihò ìdérí títí ó fi là. Sípánà ń tẹ pọ́ńpù ọwọ́, ó ń fò padà báyìí, gbọ́ngbọ́n, bó ṣe yẹ. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yí, ó yí, kò jẹ. Ó tún yí i, kò jẹ.

"Dúró! Má pa bátìrì!" Sípánà ti mú sípánà. "Afẹ́fẹ́ ti há sọ́nà nọ́súlù." Ó tú nọ́ọ̀tì orí nọ́súlù àkọ́kọ́ díẹ̀, ó ní kí awakọ̀ yí i. Ìfófòó jáde, ó ń hó bí ọṣẹ. "Yí i lọ!" Ìfófòó dín. "Yí i lọ!" Epo gidi bá ta jáde, ó bà á lójú, ó bà á létí, ó bà á lọ́rùn, Sípánà sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń dè nọ́ọ̀tì náà padà. Ẹ́ńjìnnì gbá a mú. Ó bú ramúramù, èéfín dúdú yọ lẹ́yìn, Má-Fọwọ́-Kàn-Án sì rí ẹnu rẹ̀ padà. "Ọmọ mi! Ọmọ mi ti jí! Ẹ wọlé, ẹ nu ẹsẹ̀ yín! Ẹ má nù ún mọ́, ẹ ṣáà wọlé!"

Wọ́n gun òkè yẹn bí ẹni gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Sípánà ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ilẹ̀ ọkọ̀, kò fò, kò wúkọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè tí wọ́n rí ìlú kejì nísàlẹ̀ pẹ̀lú pápá rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, orin tó sọ, ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ló mọ̀ bó ṣe dún; àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ti di adití.

Aago mẹ́rin ti lù nígbà tí bọ́ọ̀sì já wọ ẹ̀gbẹ́ pápá pẹ̀lú fèrè ọkọ̀ tó ń ké. Àwọn alátakò ti tò sórí ìlà, ọ̀gá wọn ti ń yọ̀. Rẹfirí, obìnrin gíga kan tí kò fi ojú rẹ́rìn-ín, ti gbé fèrè sẹ́nu. Ó mú un kúrò, ó sì rìn wá bá wọn.

"Ẹ ti pẹ́. Kí ló dá yín dúró?"

Má-Fọwọ́-Kàn-Án ti bọ́ síwájú. "Ọ̀gá wa, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni o, ọkọ̀ tò láti ibí dé..."

"Irọ́ ni," Baba wí. Gbogbo wọn wò ó. "Ọ̀nà dá páropáro. Èmi ni mo dá wọn dúró. Ọkọ̀ yìí ṣàìsàn, èmi ni wọ́n gbé e wá fún, mi ò rí i. Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe mi ló bò ó mọ́ mi lójú. Ọmọ mi yìí ló rí i, lójú títì, mo sì ń bá a jà bó ṣe ń rí i. Bí ẹ bá máa lé ẹnìkan kúrò lórí pápá, ẹ lé èmi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù wọn."

Rẹfirí wo Sípánà, tí epo ń kán láti etí rẹ̀ sórí aṣọ.

"Ìwọ lo tún un ṣe?"

"Èmi àti Bàbá mi ni, mà."

Obìnrin náà wo aago, ó wo àwọn alátakò, ó tún wo epo tó ń kán. "Mi ò tíì fọn fèrè," ló wí. "Ẹ wọ bàtà yín kíá."

Igbe ayọ̀ tó sọ ò ṣé fẹnu ròyìn. Àwọn ọmọbìnrin ń bọ́ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń bọ́ láti ojú fèrèsé, Gọ́ọ̀mù tó ti wọ ìbọ̀wọ́ látilé sì ti wà lẹ́nu gòólù kí àwọn tó kù tó rí okùn bàtà so. Sípánà jókòó sórí koríko lẹ́bàá ìlà, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín ni àbí ẹkún ló ń sun.

Baba wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ funfun gùn, lójú gbogbo èrò tó wà ní pápá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu epo kúrò lójú ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, aṣọ yín!"

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ọ̀gá mi," ni Baba wí. "Ó ṣì kù létí yín."

Sípánà yí etí rẹ̀ sí i. Lórí pápá, rẹfirí fọn fèrè, bọ́ọ̀lù sì gbéra.